Ẹ Bèèrè Ìwé Gbèsè Yín Kí Òjò Tó Bẹ̀rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù)

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ irúgbìn àgbàdo lẹ̀ ń retí lẹ́nu mi. Ìyẹn ń bọ̀. Ti òní, ọ̀rọ̀ owó tí a fi ń ra ajílẹ̀ ni.

Láyé àtijọ́, bí ẹ bá yáwó lọ́wọ́ olówó abúlé, ẹ̀yin àti òun lẹ jọ mọ̀ ọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti ọdún 2014 ni báńkì ti ń fún wa ní nọ́ńbà BVN, òun ló so gbogbo àkáǹtì yín pọ̀. Bí báńkì bá yá yín lówó, wọn á fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè. CRC, FirstCentral àti CreditRegistry wà lára wọn. Báńkì tí ẹ bá tún lọ bá lọ́la, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò.

Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Òótọ́ ni. Ẹni tó san ńkọ́, tí igi ṣì dábùú ọ̀nà? Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan yá ₦150,000 fi gbin ẹ̀gẹ́, ó san án tán, àti èlé àti ojú owó. Akọ̀wé báńkì gbàgbé láti kọ ọ́ pé ó ti san. Lọ́dún kejì, ó fẹ́ yá òmíràn, wọ́n ní onígbèsè ni. Kí wọ́n tó rí ọ̀rọ̀ náà yanjú, òjò ti lọ. Òjò kì í sì í dúró de akọ̀wé.

Nítorí irú èyí ni òfin àkọsílẹ̀ gbèsè ṣe wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó ń dele fún Ààrẹ nígbà náà, ló fọwọ́ sí i lóṣù karùn-ún ọdún 2017. Ó fún yín ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa yín, lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún èyí tí kò tọ́ ṣe. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ bèèrè, nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó pe ọmọ rẹ̀, tàbí kó wá bá wa. Ẹ ó nílò BVN, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àṣírí káàdì yín, ẹ má sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni, títí kan èmi náà.

Bí ẹ bá san gbèsè tán, ẹ má kúrò ní báńkì láìgba ìwé tó sọ pé gbèsè ti tán. Rìsíìtì owó tí ẹ san nìkan kò tó. Ẹ fi í pamọ́ síbi tí ikán kò lè dé.

Ẹni tó sì rò pé òun lè fi owó kòkó pamọ́ sí báńkì kejì, kó gbọ́: láti oṣù kẹjọ ọdún 2020, báńkì tí ẹ jẹ lówó lè yọ ọ́ níbẹ̀. Ti àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù tilẹ̀ burú jù. Àwọn kan ń kọ̀wé sí àna onígbèsè pé olè ni! Lọ́dún 2022, àjọ FCCPC ní kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Ẹ wádìí ìyẹn kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ wọn.

Lójú tèmi, iṣẹ́ ṣì kù lára òfin náà. Ó yẹ kó jẹ́ dandan pé kí báńkì kọ̀wé sí ẹni tó yáwó, ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n tó bà á lórúkọ jẹ́. Ẹni tí omíyalé gbé oko rẹ̀ lọ kò sì yẹ lójú ìwé kan náà pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ sá. Ẹ lè fi orúkọ ẹgbẹ́ kọ èyí sí aṣojú yín ní Abùjá, àwa á bá yín tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀yáwó nílé, kó mú un wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀, ká jọ kà á.