Ìwé Kan Lọ́wọ́ Òǹkàwé Púpọ̀

 Àwọn baba wa a máa wí pé, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Bí ó ti rí fún ọ̀rọ̀ ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ìwé: inú òǹkàwé ni ó ti ń di odindi, inú ènìyàn méjì kì í sì í dọ́gba. Ìwé kan tí ó ti dá ìjà púpọ̀ sílẹ̀ láyé ni a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ọdún 1867, Karl Marx, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí a ti lé kúrò ní ìlú rẹ̀ tí ó sì ń gbé Lọ́ńdọ̀n, tẹ apá kìn-ín-ní ìwé rẹ̀, Das Kapital, jáde ní ìlú Hamburg. Ó wí nínú rẹ̀ pé, ohun tí iṣẹ́ òjọ́ kan ń mú wá ju owó-ọ̀yà tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ, àti pé èyí tí ó lé ni ó ń di ọrọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́. Ó fi ìròyìn àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán láti bẹ ilé-iṣẹ́ wò ṣe ẹ̀rí. Ó sọ bí a ti ń lo àwọn ọmọdé nílòkulò, àti bí a ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí wọ́n fi di alágbàṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti gba ìwé yìí ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Àwọn aláyẹ̀wò ìwé tí ọba yàn ni ó kọ́kọ́ kà á. Ní ọdún 1872, wọ́n dájọ́ pé ìwọ̀nba ènìyàn ni yóò ka irú ìwé líle bẹ́ẹ̀, àti pé àwọn tí òye rẹ̀ yóò yé kò ní tó nǹkan. Wọ́n sì jẹ́ kí ó kọjá. Ẹ̀dà 3,000 ni a tẹ̀ ní èdè Rọ́ṣíà, bẹ́ẹ̀ ni 1,000 péré ni a kọ́kọ́ tẹ̀ ní Jámánì.

Àwọn ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé kà á, wọ́n sì pín sí méjì. Ní abúlé púpọ̀ ní Rọ́ṣíà nígbà náà, gbogbo ará abúlé ni ó jùmọ̀ ni ilẹ̀, wọn a sì máa tún un pín fún agbo-ilé kọ̀ọ̀kan láti ìgbà dé ìgbà. Àwọn kan wí pé, “Gẹ́gẹ́ bí ìwé yìí, dandan ni kí àṣà yìí parun, kí ilé-iṣẹ́ ńlá sì gba ipò rẹ̀.” Àwọn mìíràn wí pé, “Rárá o, lórí rẹ̀ gan-an ni a ó kọ́ ìlú tuntun lé.” Àwa tí a mọ ohun tí ilẹ̀ ìdílé jẹ́ kò ní ṣàì mọ bí ọ̀ràn náà ti wúwo tó.

Ní oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1881, obìnrin kan tí ń jẹ́ Vera Zasulich kọ̀wé sí Marx tìkára rẹ̀ láti bi í léèrè èwo ni òtítọ́, nítorí ọ̀ràn ikú tàbí ìyè ni fún wọn. Léraléra ni Marx kọ èsì tí kò fi ránṣẹ́. Nígbẹ̀yìn, ní ọjọ́ 8 oṣù Máàṣì, ó fi ìwé kúkúrú ránṣẹ́ pé, àwọn ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù nìkan ni òun sọ̀rọ̀ wọn, àti pé àjọni ilẹ̀ náà lè di orísun ìsọdọ̀tun Rọ́ṣíà, bí a bá mú ohun tí ń pa á lára kúrò.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará: òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ti dáhùn, ṣùgbọ́n a kò tẹ èsì náà jáde títí di ọdún 1924, lẹ́yìn ọdún 41 tí Marx ti kú. Nígbà náà, àwọn tí ń pe ara wọn ní ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ti gun orí oyè ní Rọ́ṣíà. Láti ìparí ọdún 1929, ìjọba Stalin fi agbára kó àwọn àgbẹ̀ sínú oko àjùmọ̀ṣe. Àjọni ilẹ̀ àtijọ́ parẹ́, ìyàn ọdún 1932 sí 1933 sì pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn. A kò wí pé lẹ́tà kan ìbá ti dá ìyàn dúró. Ohun tí a ń wí ni pé, ìwé kì í dìde lọ gba oko olóko. Òǹkàwé ni ń gbé e lọ síbẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá gbé ìwé tọ̀ wá wá, yálà láti yìn ín tàbí láti bú u, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ìbéèrè méjì. Ìkíní: ǹjẹ́ ìwọ tìkára rẹ ti kà á? Ìkejì: ilẹ̀ ta ni ìwé náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ta ni ó sì ń gbé orí ilẹ̀ tí o fẹ́ gbé e lọ? Aláyẹ̀wò ọba rò pé líle ìwé tó láti fi ṣe odi fún ìlú, ó ṣìnà. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rò pé ìwé tí a kọ nípa oko ẹlòmíràn lè dájọ́ lórí oko tiwọn. Àwọn náà ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ̀wé béèrè kí ó tó gbà gbọ́, òun ni a gbà yín níyànjú láti fi ìwà jọ nínú ọ̀ràn yìí.