Ọdẹ Tí Ó Jẹ́ Olè Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Ring Road, Ìbàdàn

Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, bí a ó ṣe lè ka ohun tí a bá rí ni a ń lé. Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìwé kan tí ènìyàn lè kà tán, tí kò sì gbọdọ̀ gbà á gbọ́.

Ní Ring Road tiwa yìí, láti ìdí pápá ìṣeré Obafemi Awolowo, tí púpọ̀ nínú wa ṣì ń pè ní Liberty, títí dé Challenge, kọ̀ǹpútà ti di ohun èlò ọjà. Ó wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń tẹ ìwé, ó wà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, ó sì wà nínú yàrá àwọn ọmọ wa.

Ẹ mọ ọdẹ tí a ń gbà láti ṣọ́ àdúgbò lóru. Kòkòrò kan wà tí ń wọ kọ̀ǹpútà, virus ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe kòkòrò tó ní ẹsẹ̀ o! Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni, àṣẹ tí ẹnì kan kọ fún kọ̀ǹpútà kí ó lè ba nǹkan jẹ́ tàbí kí ó jalè. Antivirus ni ọdẹ tí ń ṣọ́nà dè é. Ọdẹ gidi wà. Ṣùgbọ́n àwọn olè ti rí i pé bí àwọn bá wọ aṣọ ọdẹ, onílé fúnra rẹ̀ ni yóò ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá aláṣọ kan ń wá iye owó ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lójijì, pupa bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ariwo sọ, ìwé sì jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kòkòrò márùn-ún ti wọlé, kí ó má ṣe pa kọ̀ǹpútà, kí ó tètè tẹ ibí kí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣòfò. Nọ́ńbà kan ń gòkè, ó ti orí 10 dé 50, ó dé 100, bí ẹni pé wọ́n ń tú inú kọ̀ǹpútà wò. Irọ́ ni. Àwòrán lásán ni. Ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kò lè yẹ inú kọ̀ǹpútà yín wò bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó dúró lójú títì ní Challenge kò ṣe lè ka iye ìkòkò tó wà nílé ìdáná yín. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí láàárọ̀ yìí, kòkòrò márùn-ún kan náà ni yóò bá nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2008, àjọ FTC, tí ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà, pe ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Innovative Marketing lẹ́jọ́. WinFixer àti XP Antivirus wà lára ọjà wọn. Ènìyàn tí wọ́n tàn jẹ lé ní mílíọ̀nù kan. Ní 2012, adájọ́ dá owó tó lé ní mílíọ̀nù 163 dọ́là lé ọ̀kan nínú àwọn tó wà nídìí rẹ̀ lórí.

Ní 2014 ẹ̀wẹ̀, wọ́n ń ta áàpù kan tí ń jẹ́ Virus Shield ní ọjà Google fún fóònù. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, àmì X yóò yí padà di àmì "ó dára". Àwa tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún máàkì ìwé ọmọ ilé ìwé mọ ohun tí máàkì jẹ́ bí olùkọ́ kò bá ka iṣẹ́ náà.

Òmíràn kì í ṣe owó nìkan ló ń gbà, òun gan-an ni kòkòrò náà. Ní 2022, àjọ NCC tí ń bójú tó ètò tẹlifóònù ní Nàìjíríà kìlọ̀ fún wa nípa áàpù Fast Cleaner. Ó ní òun yóò gbá pàǹtí inú fóònù kí ó lè yára. Inú rẹ̀ ni Xenomorph sá pamọ́ sí, kòkòrò tí ń jí páásíwọ́ọ̀dù báńkì.

Nítorí náà, bí ọdẹ kan bá yọjú, ẹ bi í pé: ta ló gbé ọ wá? Antivirus tí ẹ̀yin tàbí ẹni tí ẹ gbọ́kàn lé kò fi síbẹ̀, tó wá ń pàṣẹ, tó ń kán yín lójú, tó ń béèrè nọ́ńbà káàdì ATM, olè ni. Bí ó bá fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ pé kí ẹ pe Microsoft, ẹ má pè é. Microsoft kì í fi nọ́ńbà fóònù sínú ìkìlọ̀ rẹ̀. A kò sì fọwọ́ sí antivirus tí wọ́n ń dà láti inú fláṣì kan sí òmíràn pé ọ̀fẹ́ ni. Ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?

Wàyí o, bí a ó ṣe lé e jáde. Ẹ mú bírò. Ẹ má tẹ ohunkóhun lójú ìwé pupa yẹn, títí kan X tó wà lára rẹ̀, nítorí nígbà mìíràn X yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn. Ẹ di Alt mú, kí ẹ tẹ F4. Bí ó bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager yóò jáde. Ẹ yan Chrome, tàbí ohun yòówù tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ End task. Bí ẹ bá tún ṣí i, tó béèrè pé ṣé kí òun dá ojú ewé ìṣáájú padà, ẹ ní rárá.

Bí ìkìlọ̀ bá ṣì ń yọ ní igun ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti tẹ Allow fún ojú ewé kan nígbà kan rí. Ọmọdé kò mọ̀, á kàn tẹ̀ ẹ́. Ẹ wọ Settings inú Chrome, ẹ wá Site settings, ẹ tẹ Notifications, kí ẹ yọ orúkọ tí ẹ kò mọ̀ kúrò.

Bó bá ti wọlé tán ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ pa íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wọ Settings kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Apps, ẹ wá orúkọ àlejò náà, kí ẹ tẹ Uninstall. Windows 10 àti 11 ní ọdẹ tiwọn láti ilé, ẹ kò ní í san kọ́bọ̀: Windows Security ni. Ẹ ní kí ó ṣe Full scan. Ó lè pẹ́, ẹ lọ jẹun. Èyí tó bá lágídí, Microsoft Defender Offline scan ni kí ẹ yàn. Kọ̀ǹpútà yóò pa ara rẹ̀, yóò tún tàn, yóò sì wá olè náà kí ó tó rí àyè jí.

Ẹni tó bá ti tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ síbẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró tún kọ̀ǹpútà ṣe kí ó tó ké sí báńkì. Báńkì ló ṣáájú, kí wọ́n dí káàdì náà lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó lo fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn tó mọ́ láti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a ó gbé kọ̀ǹpútà kan wá síbí, kí olúkúlùkù yín fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ Ctrl, Shift àti Esc.