Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé lórí Ẹ́ńjìnnì Mọ́tò Ẹgbẹ́ tí a Pààrọ̀ ní Warri

 

Mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ ọ́ káàkiri pé akọ̀wé ra ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì fún mọ́tò kan ṣoṣo. Èmi kì í ṣe mẹ́kánííkì. Aṣọ ni mo ń tà, ìwé mẹ́fà ni mo sì kà mọ. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Gbogbo wa ni a mọ Mercedes 240D wa, irú èyí tí àwọn ará Jámánì ṣe láàárín 1976 sí 1985. Nígbà tí a lọ síbi òkú àna bàbá wa kan ní Warri, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú pátápátá. Ní Deco Road, mẹ́kánííkì kan bá wa wá ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ irú kan náà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó ti gbé e wọlé. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn, inú wa dùn. Àṣé ayọ̀ náà kò ní í pẹ́. Bí a ti sáré díẹ̀, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Mẹ́kánííkì ní rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé ni. Ó pààrọ̀ rẹ̀, asán ni.

Bàbá àgbà kan tí ó jẹ́ tọ́nà ní ìtòsí ni ó là wá lójú. Ó bi wá ní èdè pííjìn pé fláíwíìlì wo ni a dè mọ́ ọn. Ti àtijọ́ ni! Inú mọ́tò tí jíà rẹ̀ ń dá yí ara rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tí a rà ti jáde; irú bẹ́ẹ̀ kò ní fláíwíìlì, páànù fẹ́lẹ́ kan ni ó wà nídìí rẹ̀. Mẹ́kánííkì bá mú fláíwíìlì ẹ́ńjìnnì tí ó kú, ó dè é mọ́ tuntun. Gbogbo ihò bóòtù bá ara mu, ó rò pé ó parí.

Ṣùgbọ́n lára irú ẹ́ńjìnnì yìí, láti ilé iṣẹ́ ni a ti wọn kíráńkì pọ̀ mọ́ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀. Bí kíráńkì bá wúwo ní apá kan, fláíwíìlì tirẹ̀ ni a ó gbẹ́ kí ó fúyẹ́ ní apá náà. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti rànwú rí mọ̀ ọ́n: bí amọ̀ ìdí kẹ̀kẹ́ kò bá gún, kẹ̀kẹ́ kò ní í dúró yí.

Gíráàmù 28 péré, bí ó bá ṣẹ́ kù ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí àárín, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, yóò máa fà á bí ẹrù kílò 28, ó ju ìdajì àpò ìrẹsì oníkílò 50 lọ. Ní ìgbà 1,000, kò ju bíi kílò 3 lọ. Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi balẹ̀ nígbà tí a dúró sójú kan. Kì í sì í ṣe Benz nìkan. Ford 302 onísílíńdà mẹ́jọ ti Amẹ́ríkà, fláíwíìlì oníwọ̀n 28 ni ti àwọn ọdún 1970 ń lò, ti àárín àwọn ọdún 1980 ń lo oníwọ̀n 50. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan sípò èkejì yóò jẹ ìgbọ̀n.

Bàbá náà fi àmì sí ibi tí páànù ti dojú kọ kíráńkì, ó gbé e lé ẹ̀rọ tí ń yí i tí ó sì ń wọ̀n ọ́n, ó rí apá tí ó wúwo. Lẹ́yìn náà ni ó ń fi dírílì gbẹ́ fláíwíìlì wa díẹ̀díẹ̀ títí ìwọ̀n rẹ̀ fi bá ti páànù dọ́gba, ní apá kan náà. Ó ní bí a bá gbé e sáré bẹ́ẹ̀ dé Kàdúná, béárìn kíráńkì ni ìbá kọ́kọ́ jẹ. A ra bóòtù tuntun mọ́ ọn. A gba Lọ́kọ́ja bọ̀, omi inú ife kò dànù.

Owó ẹlẹ́ẹ̀kejì tí ẹ rí nínú ìwé nìyẹn: iṣẹ́ tọ́nà àti bóòtù. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ẹ́ńjìnnì. Mẹ́kánííkì dá owó rọ́bà padà, bí ó tilẹ̀ fajú ro. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ akápò, ẹ lọ wò ó. Páànù fẹ́lẹ́ náà wà ní ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú àmì rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má tà á fún àwọn tí ń ra irin. Ọjọ́ tí a bá tún pààrọ̀ fláíwíìlì, ara rẹ̀ ni a ó ti mú ìwọ̀n.