Ọwọ́ Tó Ń Kan Ẹ̀jẹ̀ Ẹlòmíràn

  

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń kan ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, kí ó dáàbò bo ara rẹ̀. Kì í ṣe dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Olóólà tó ń kọlà, babaláwo tó ń sín gbẹ́rẹ́, ọmọ awo tó ń nu ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, gbogbo wọn ló kàn.

Kòkòrò éèdì, àrùn mẹ́dọ̀wú irú B àti irú C máa ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ranni, a kì í sì í fi ojú lásán mọ ẹni tó ní wọn. Kòkòrò mẹ́dọ̀wú B lè wà láàyè fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, lórí ohun tí ẹ̀jẹ̀ ti kàn. Nítorí náà, abẹ tí a kàn nù, tàbí tí a fi ọtí ṣan, kò tíì mọ́.

Ẹ rántí ọdún 2014. Ní oṣù Keje, aláìsàn kan gbé àrùn Ẹ̀bólà ti Làìbéríà wọ ìlú Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò jẹ́ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n kí a tó mọ àrùn náà, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ti fara kan omi ara rẹ̀. Ènìyàn 20 ni ó mú ní Nàìjíríà; 8 kú, dókítà náà sì wà lára wọn. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé a kì í dúró mọ àrùn kí a tó wọ ìbọ̀wọ́.

Ẹlòmíràn á ní abẹ kan ṣoṣo ni àwọn baba wa lò. Òótọ́ ni, ọgbọ́n tó wà nígbà ayé wọn ni wọ́n lò. Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín, kò bá ìmọ̀ ṣọ̀tá rí.

Ẹ jẹ́ kí abẹ tuntun kan wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ ju abẹ tí a ti lò sínú agolo líle. Ẹ gba àjẹsára mẹ́dọ̀wú B, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù 6. Ọdún 2004 ni Nàìjíríà fi í kún àjẹsára ọmọ ọwọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwa àgbà kò gbà á. Bí abẹ bá gé yín, ẹ má fi ẹnu fa á. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn tó ń dènà éèdì wà, ọjọ́ 28 la ń lò ó, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé.

Mo bẹ ẹgbẹ́ wa: kí a sọ èyí di òfin, kí a sì kọ́ ọmọ awo pẹ̀lú iṣẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọwọ́ wa kò ní gba ikú, kò ní gba àrùn.

Àbọyè, àbọṣíṣẹ.