Kóòtù Òwú: Rírún Kì Í Ṣe Àrùn

Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, ẹ má bínú, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ni.

Ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú yín ni ọ̀rọ̀ òní ti wá. Ọmọkùnrin kan kọ̀wé sí wa pé òun fẹ́ gbéyàwó n'Íbàdàn nínú oṣù kẹta. Owó súùtù kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ òun, súùtù yẹn náà ni òun á sì máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ẹnì kan ní kó rán súùtù òwú, àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní kò gbọdọ̀ dán an wò, pé kó tó dé ibi àríyá, á ti rún bí ìwé tí wọ́n fi wé àkàrà. Ó ní kí n bá àwọn dá ẹjọ́ náà.

Kí n tó dá a, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí mò ń wá iṣẹ́, wọ́n pè mí fún ìntáfíù ní ọ́fíìsì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo yá súùtù dúdú lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ó ń dán, ó gún régé, ẹ máa rò pé mánijà báńkì ni mí. Pọ́lísítà ni aṣọ ẹ̀, pọ́lísítà náà ni láínìn tó wà nínú ẹ̀. Bọ́ọ̀sì ò tètè dé, oòrùn sì ti mú. Nígbà tí mo fi jókòó níwájú àwọn mẹ́ta tó fẹ́ bi mí ní ìbéèrè, ẹ̀wù funfun mi ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Obìnrin kan nínú wọn ṣàánú mi, ó ní, "Ẹ lè bọ́ kóòtù yín bí ooru bá ń mú yín." Báwo ni mo ṣe fẹ́ bọ́ ọ? Gbogbo abíyá ẹ̀wù mi ti tutù. Mo ní, "Ẹ ṣé mà, ara tù mí." Ìbéèrè tí wọ́n bi mí tẹ̀ lé e, mi ò gbọ́ ọ dáadáa, òógùn tó ń ṣàn lẹ́bàá etí mi ni mò ń rò. Wọn ò gbà mí. Mi ò sọ pé súùtù ló fà á o, ó lè jẹ́ pé ẹlòmíì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àmọ́ mi ò tíì gbàgbé ooru ọjọ́ yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ṣòro láti ṣàlàyé. Gíráàmù 100 òwú lè mú omi tó tó gíráàmù 7 tàbí 8 láti inú afẹ́fẹ́ lásán, kó má sì tutù lọ́wọ́. Pọ́lísítà ò lè mú tó gíráàmù 1. Òógùn tó bá jáde lára yín lábẹ́ pọ́lísítà ò ríbi lọ nìyẹn. Kí n má purọ́, wúùlù dáa ju òwú lọ níbi ká mú omi, kì í sì í tètè rún. Àmọ́ wúùlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣeé wọ̀ nínú ooru tiwa wọ́n, ẹ ò sì ní fẹ́ fọ̀ ọ́ nílé.

Súùtù, ìlú òtútù ló ti wá. Kì í ṣe àwa nìkan ló fún ní wàhálà. Ní New Orleans, ní gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti pọ̀ bíi ti Èkó, ilé iṣẹ́ Haspel, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1909, sọ súùtù òwú kan di olókìkí. Seersucker ni wọ́n ń pe aṣọ náà. Ilà kan dán, ilà kejì wú ṣákiṣàki. Èdè Páṣíà ni orúkọ yẹn ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ ni wàrà àti ṣúgà. Nítorí pé ó wú báyẹn, kì í lẹ̀ mọ́ ara, kò sì nílò áyọ́ọ̀nù. Wọ́n ní Joseph Haspel wọ súùtù rẹ̀ wọnú òkun dé ọrùn, ó sá a, ó sì tún wọ̀ ọ́ lọ jẹun lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ìtàn yẹn ń rùn bí ìpolówó ọjà, àmọ́ mo fẹ́ràn ẹ̀. Láti 1996 ni àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà sì ti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn tí wọ́n fi ń wọ̀ ọ́ wá sílé ìgbìmọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti rírún, torí òun gan-an ni ẹjọ́ wà. Fọ́nrán wúùlù ká kò bí irun, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á padà síbi tó wà. Ti òwú ò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ooru ara àti òógùn bá ti tẹ̀ ẹ́ pọ̀ ló máa wà títí áyọ́ọ̀nù á fi kàn án. Kò sí télọ̀ tó lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn. Àwa Yorùbá ò sì fẹ́ràn aṣọ tó rún rárá. Ìyá mi máa ń lọ kakí iléèwé mi títí ilà ẹ̀ á fi mú bí abẹ. Lójú ìyá mi, ọmọ tí aṣọ ẹ̀ bá rún, ilé tí wọn ò ti bójú tó o ló ti wá. Mo ní kì í ṣe bákan náà. Aṣọ tí ẹ fà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, gbogbo ara ẹ̀ ló máa rún. Kóòtù òwú tí ẹ lọ̀ dáadáa láàárọ̀, ìgbọnwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún ló ti máa rún, ibi tí èèyàn ti ń ká ara. Bó bá ti bá yín lára mu, ojú ò ní kọ́kọ́ lọ síbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ ni ọjà. Bàbá télọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá ló là mí lójú. Mo gbé aṣọ dé, wọ́n ti kọ ọ́ sí etí ẹ̀ pé òwú ni látòkè délẹ̀. Bàbá ò tiẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n fa fọ́nrán bíi mélòó kan yọ, wọ́n ṣá ìṣáná sí i. Ó kọ́kọ́ súnkì kúrò lẹ́nu iná, ó yọ́, ó wá di kóró dúdú kan tó le. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ike lo rà." Òwú gidi máa ń jó kíákíá ni, á rùn bí ìwé tó ń jóná, eérú ẹ̀ á sì fẹ́lẹ́ lọ́wọ́. Ẹ bẹ olówó aṣọ kí wọ́n fún yín ní fọ́nrán díẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Èyí tó bá kọ̀, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ẹ má ra èyí tó fẹ́lẹ́ bí aṣọ ẹ̀wù, ìyẹn ló máa ń rún bí ìwé. Èyí tó nípọn níwọ̀nba, bíi kakí tó rọ̀, rírún tiẹ̀ máa ń tóbi, kì í pọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kí télọ̀ tó gé e, torí òwú máa ń súnkì. Ẹ sá fún dúdú, kì í pẹ́ ṣì. Àwọ̀ iyanrìn àti búlúù tó ṣókùnkùn, bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣì, á ṣì wuyì. Kóòtù àti ṣòkòtò, ẹ máa fọ̀ wọ́n pọ̀ ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, láàárín ọdún kan wọn ò ní jọra mọ́.

Ẹ bá télọ̀ yín jà lórí láínìn. Àwọn télọ̀ wa fẹ́ràn kí wọ́n fi láínìn pọ́lísítà bo gbogbo inú kóòtù, kí wọ́n tún lẹ gọ́ọ̀mù mọ́ àyà ẹ̀ kó lè le. Kí lẹ wá jèrè lára òwú? Ẹ ní kí wọ́n fi láínìn sí èjìká àti inú apá nìkan, kí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣófo, kí wọ́n sì dín gọ́ọ̀mù kù. Gọ́ọ̀mù tí ò dáa, tí ẹ bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àyà kóòtù á wú bí ara ọ̀pọ̀lọ́.

Ó yá, àbúrò mi tó ń gbéyàwó. Bó bá jẹ́ pé kóòtù àti báńkì ni iṣẹ́ rẹ, níbi tí wọ́n ti ń wo ilà ṣòkòtò kí wọ́n tó wo ojú èèyàn, tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ. Àmọ́ o sọ nínú lẹ́tà rẹ pé iléèwé lo ti ń kọ́ni. Rán òwú, búlúù tó ṣókùnkùn. Ra yáàdì 5 ààbọ̀ nínú aṣọ tó fẹ̀, kí wọ́n rán ṣòkòtò méjì, torí ṣòkòtò ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Wọ ọ̀kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pààrọ̀ sí èkejì kó o tó wọ ibi àríyá. Tó o bá sì fẹ́ wọ mọ́tò, bọ́ kóòtù náà, gbé e kọ́ sẹ́yìn, má jókòó lé e. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ọ mú un dání, òun ló ń bẹ̀rù rírún.

Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa o. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.