Ẹni tí Ó Jìnnà sí Pápá: Wíwo Bọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wa òní kàn ni àwọn tí ìròyìn kò tẹ́ lọ́rùn, tí wọ́n fẹ́ fi ojú ara wọn rí eré ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn, ṣùgbọ́n tí wọn kò gbé ní ìlú tí ẹgbẹ́ náà fi ṣe ibùjókòó. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ń sọ, èyí tí àjọ NBA ń darí.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé. Ká ní nọ́ọ̀sì kan, ọmọ ilẹ̀ wa, ń ṣiṣẹ́ ní Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ṣùgbọ́n tí ó yan ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks, tí ó wà ní apá àríwá lọ́hùn-ún, láàyò. Orúkọ Giannis Antetokounmpo ni ó fà á mọ́ra. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ náà ní ìlànà àwọn ará Gíríìsì, Adétòkunbọ̀ ni, orúkọ bàbá kan tí ó ti Nàìjíríà lọ tẹ̀dó sí Athens. Ní ọjọ́ tí Milwaukee gba ife-ẹ̀yẹ ní ọdún 2021, àmì-ayò 50 ni ọmọkùnrin yìí nìkan jẹ. Báwo ni nọ́ọ̀sì wa yóò ṣe máa rí ẹgbẹ́ rẹ̀ wò láti Texas?

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń wò. Ẹgbẹ́ 30 ni ó wà nínú NBA. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a máa gbá eré 82 ní sáà kan kí ìdíje àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ eré 1,230 lápapọ̀. Nínú àdéhùn ọdún 11 tí àjọ náà ṣe ní oṣù keje ọdún 2024, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní sáà 2025 sí 2026, ABC pẹ̀lú ESPN gba eré 80 ní sáà kọ̀ọ̀kan, NBC pẹ̀lú Peacock gba 100, Amazon sì gba 66. Èyí tí ABC àti NBC bá fi hàn, ẹni tí ó ní àǹtẹ́nà lórí òrùlé lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kò ju 246 lọ, ìdá kan nínú márùn-ún. Àwọn ẹgbẹ́ olókìkí ni wọ́n sì máa ń yàn jù. Ẹgbẹ́ tí kò rọ́wọ́ mú kì í sábà fara hàn níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni League Pass, èyí tí NBA fúnra rẹ̀ ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó jìnnà sí ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Nọ́ọ̀sì wa yóò san àsansílẹ̀, yóò sì máa wo Milwaukee. Ṣùgbọ́n ọgbà méjì ni wọ́n ṣe yí i ká ní Amẹ́ríkà. Èkíní, eré tí ilé-iṣẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè bá ti gbà, kò ní rí i níbẹ̀ ní àkókò tí wọ́n ń gbá a. Èkejì, eré tí ẹgbẹ́ àdúgbò ẹni tí ń wò ó bá wà nínú rẹ̀, wọn yóò dènà rẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí Milwaukee bá wá bá Houston gbá, tí àlejò tí ó ti ń retí dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni ojú ẹ̀rọ rẹ̀ yóò ṣókùnkùn. Àfi kí ó wá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti Houston, tàbí kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Kí ló fa irú èyí? Ní ọdún 1961, adájọ́ kan ní Philadelphia fagi lé àdéhùn tí àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣe láti ta àwòrán eré gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pa pọ̀. Kò pẹ́ tí ilé aṣòfin fi ṣe òfin tí ó gba irú títà bẹ́ẹ̀ láyè, Ààrẹ Kennedy sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Òfin yìí kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni agbára ti pọ̀ lọ́wọ́ àjọ ju ti ẹgbẹ́ lọ.

Ẹgbẹ́ kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ WGN ní Chicago ń gbé eré Chicago Bulls, ẹgbẹ́ Michael Jordan, káàkiri Amẹ́ríkà nípasẹ̀ sátẹ́láìtì. Ní ọdún 1990, NBA dín eré tí ẹgbẹ́ kan lè gbé jáde lọ́nà bẹ́ẹ̀ kù láti 25 sí 20. Bulls àti WGN pe àjọ náà lẹ́jọ́. Wọ́n borí ní ọdún 1991, wọ́n sì tún borí ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ọdún 1992. Síbẹ̀, ẹjọ́ náà ń bá a lọ títí di ọdún 1996 kí wọ́n tó fi àdéhùn parí rẹ̀. Eré márùn-ún péré ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àdúgbò pàápàá kò rọgbọ mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Diamond Sports, tí ó ń gbé eré ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ jáde, wọ gbèsè tí ó gbé e dé kóòtù. Ní ọdún yìí kan náà, Phoenix Suns àti Utah Jazz dá eré wọn padà sí tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ ní àdúgbò wọn. Ará ilé jàǹfààní. Ẹni tí ó wà lókèèrè ṣì ń san owó.

Àwa tí a wà ní Nàìjíríà ńkọ́? Ìdènà tí ó wà níwájú nọ́ọ̀sì wa kò fi bẹ́ẹ̀ kàn wá. Oorun ni ó ń dènà tiwa. Ní àkókò ọyẹ́, bí aago méje ààbọ̀ alẹ́ bá lù ní New York, aago kan ààbọ̀ òru ni ní Èkó. Bí ó bá jẹ́ Los Angeles, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni.

Kò burú kí ẹgbẹ́ gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò tọ́ ni kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ ènìyàn tán, kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó yẹ kí a sọ eré tí olùwòran kò ní rí fún un ní gbangba kí ó tó sanwó. Kí àwọn tí ń ṣe àkóso eré ìdárayá ní ilẹ̀ wa náà fi èyí kọ́gbọ́n nígbà tí wọ́n bá jókòó láti ta àwòrán eré wa. Ọmọ tí kò rí eré wò ní kékeré, ta ni yóò rí i ní pápá nígbà tí ó bá dàgbà?