Báńkì Inú Àpò: Ẹ Ṣọ́ Ọ Dáadáa
Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún mẹ́wàá

 

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí fóònù ìgbàlódé. Àwa tí a jọ dàgbà yìí kò lè gbàgbé. Kí GSM tó dé Nàìjíríà ní 2001, létà la fi ń rán awakọ̀, tàbí kí a lọ tò sí ọ́fíìsì NITEL. Ní 2007, Apple gbé iPhone jáde. Lọ́dún kan náà ni M-Pesa bẹ̀rẹ̀ ní Kẹ́ńyà, tí mẹ̀kúnnù ń fi fóònù lásán fi owó ránṣẹ́. Láti ìgbà náà ni kámẹ́rà, rédíò, aago àti báńkì ti kó sínú nǹkan kan ṣoṣo.

Lónìí, aláṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn á ya àwòrán àǹkárá, á fi ránṣẹ́ sí oníbàárà ní London lórí WhatsApp. Kó tó palẹ̀ ọjà mọ́, owó ti wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí owó náírà wọ́n bí ojú, ẹni tó ra ata pàápàá, tiránsífà ló fi ń sanwó. Ṣùgbọ́n a rí i nígbà náà pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dákú, ebi lè pa olówó.

Iṣẹ́ báńkì ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé bí a bá ti ti ojú fóònù pa, ó parí. Kò parí o. Olè yóò yọ síìmù, yóò fi sínú fóònù mìíràn, OTP tí báńkì bá fi ránṣẹ́ yóò sì máa bọ́ sí i lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ fi PIN sórí síìmù fúnra rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà báńkì yín sínú ìwé, ẹ fi í sílé, torí èyí tó wà nínú fóònù ti bá olè lọ. Ọjọ́ tí fóònù bá sọnù, báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó pe ẹbí. Ẹnikẹ́ni tó bá sì bi yín ní PIN tàbí OTP, kódà bó pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì, gbájúẹ̀ ni. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ìyá wa nílé.

Owó oṣù ẹgbẹ́ ń wọlé lórí fóònù, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wa bá wà nílé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí á fẹsẹ̀ rìn lọ kí i. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

 Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́ o.